Eyín tó já lójú àlá kò sí nínú Bíbélì

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ náà tí àǹtí mi kan fi pè mí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun jẹ àmàlà lójú àlá, ẹnì kan tí òun ò rí ojú rẹ̀ ló bù ú fún òun, òun sì jẹ ẹ́ tán. Ó ti dá ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e. Mo bi í pé níbo ló ti rí i pé oúnjẹ ojú àlá ń pa èèyàn. Ó ní, "Ṣé ìwọ ò ka Bíbélì ni?"

Mo ń kà á. Ibi tí Májẹ̀mú Láéláé ti sọ̀rọ̀ ẹni tó ń jẹun lójú àlá, Aísáyà 29:8 ni. Wòlíì náà ń sọ nípa àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbógun ti Òkè Síónì. Ó ní wọ́n á dà bí ẹni tí ebi ń pa tó sùn, tó lálàá pé òun ń jẹun, tó wá jí, tí inú rẹ̀ ṣì ṣófo. Kò sí májèlé níbẹ̀. Ohun tí Aísáyà ń sọ ni pé oúnjẹ ojú àlá ò tiẹ̀ tó nǹkan kan. Mo bi àǹtí mi bóyá ó jẹun kó tó sùn. Ó ní rárá, ó ti rẹ òun jù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ ni pé Bíbélì ní kọ́kọ́rọ́ àlá: ẹja ni oyún, màlúù ni ọ̀tá, eyín tó já ni òkú ẹbí. Tí èèyàn bá ní òun ò rí i kà, Jósẹ́fù ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ ká wo Jósẹ́fù fúnra rẹ̀ nígbà náà.

Kò túmọ̀ àlá ara rẹ̀. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 37, bó ṣe rọ́ àlá ìtí ọkà fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí ni wọ́n bi í pé ṣé ìwọ ló máa jọba lé wa lórí. Ti oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ 11, bàbá rẹ̀ ló tú u: ṣé èmi, ìyá rẹ àti àwọn arákùnrin rẹ ló máa wá wólẹ̀ fún ọ? Ẹ sì rántí pé Rákélì ìyá rẹ̀ ti kú ní orí 35. Àwọn Rábì, ìyẹn àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Júù, rí èyí nígbà tó yá, wọ́n ní àlá kì í ṣẹ tán.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni iṣẹ́ ìtumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Agbọ́tí Fáráò rí àjàrà ẹlẹ́ka mẹ́ta. Jósẹ́fù ní ẹ̀ka mẹ́ta ni ọjọ́ mẹ́ta, Fáráò yóò gbé orí rẹ sókè, yóò dá ọ padà sípò. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì fún ọba wà níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tó rí i pé ìtumọ̀ ti ẹnì kejì dára ló tó ní òun náà lálàá (èèyàn ò yí padà láti ayébáyé). Agbọ̀n mẹ́ta ló rù, ẹyẹ sì ń ṣá èyí tó wà lókè jẹ. Jósẹ́fù tún ní ọjọ́ mẹ́ta ni, Fáráò yóò gbé orí rẹ sókè, ó wá fi kún un pé: kúrò lọ́rùn rẹ. Iye kan náà, gbólóhùn kan náà. Lọ́jọ́ ìbí Fáráò, ọ̀kan padà sídìí ife, wọ́n so èkejì kọ́ igi.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nínú àlá Fáráò fúnra rẹ̀, màlúù 7 wá jẹ́ ọdún 7. Ẹ̀ka di ọjọ́, agbọ̀n di ọjọ́, màlúù di ọdún. Èwo lèèyàn fẹ́ kọ sílẹ̀ níbẹ̀ pé "tí o bá rí màlúù"? Àwọn màlúù yẹn ò tiẹ̀ lé ẹnikẹ́ni.

Àwọn tó ní ìwé atúmọ̀ àlá nígbà náà ni ará Íjíbítì àti ará Asíríà. Ọ̀kan lára ti Íjíbítì ṣì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé pápírọ́ọ̀sì ní nǹkan bí ọdún 1,200 ó lé kí wọ́n tó bí Jésù. Bó ṣe tò ó ni pé: tí ọkùnrin kan bá rí ológbò ńlá lójú àlá, ó dára, ìkórè ńlá ń bọ̀, tó bá rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí, kò dára, ìyàwó mìíràn ni. Tàdáwà pupa ni wọ́n fi kọ "kò dára". Ti Asíríà, èyí tí wọ́n hú jáde ní Nínéfè, ìlú ńlá àwọn ará Asíríà, ka oríṣiríṣi ohun tí èèyàn lè jẹ lójú àlá àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú wá. Àmàlà àǹtí mi sún mọ́ Nínéfè ju Jerúsálẹ́mù lọ.

Nínú Bíbélì, àjèjì ni wọ́n sábà máa ń túmọ̀ àlá fún: Fáráò, ọmọ ogun Mídíánì tó rí ìṣù búrẹ́dì ọkà bálì tó yí lu àgọ́, Nebukadinésárì. Jákọ́bù ní Bẹ́tẹ́lì àti Sólómọ́nì ní Gíbíónì gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ketekete, wọn ò wá ẹni tó máa tú u. Dáníẹ́lì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: òun tó tú ti ọba, nígbà tó lá tirẹ̀ ní orí 7, ẹlòmíì ló ní láti bi.

Àwọn ìwé yìí ò sọ pé àlá ò já mọ́ nǹkan. Númérì 12:6 ní Ọlọ́run ń bá wòlíì sọ̀rọ̀ lójú àlá. Ṣùgbọ́n Oníwàásù ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ń fa àlá, Jeremáyà 23 sì ń bínú sí àwọn tó ń pariwo pé "Mo lá àlá, mo lá àlá". Diutarónómì 13 le jù: bí àmì tí alálàá fúnni bá tiẹ̀ ṣẹ, tó bá ní kẹ́ ẹ lọ sin ọlọ́run mìíràn, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Eyín tó já ńkọ́? Nínú Talmud, ìwé àwọn Rábì tí wọ́n kó jọ ní Bábílónì, ni mo ti rí i. Bar Hedya ni orúkọ atúmọ̀ àlá náà. Ẹni tó bá sanwó, rere ló máa sọ fún un. Ẹni tí kò bá san, ibi. Rábì méjì, Abaye àti Rava, lá àlá kan náà, wọ́n rí ewé lẹ́túùsì lẹ́nu ìkòkò. Ó sọ fún Abaye tó sanwó pé ọjà rẹ̀ á di ìlọ́po méjì bí lẹ́túùsì. Ó sọ fún Rava pé ọjà rẹ̀ á korò bí lẹ́túùsì. Rava rí eyín tó já: ó ní ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àtobìnrin á kú. Ó rí ilẹ̀kùn ìta tó wó: ó ní ìyàwó rẹ̀ á kú.

Lọ́jọ́ kan, bí Bar Hedya ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, ìwé kan já bọ́ lára rẹ̀. Rava mú un, ó rí i kà pé ẹnu ni gbogbo àlá ń tẹ̀ lé, ìyẹn ni pé bí atúmọ̀ bá ṣe tú u ló ń ṣẹ. Ó ní, ọwọ́ rẹ ni gbogbo rẹ̀ wà, o wá jẹ́ kí ojú mi rí tó báyìí! Ó ní òun dárí gbogbo rẹ̀ jì í, àfi ti ọmọbìnrin Rav Hisda. Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn.