Bí èèyàn ṣe ń yẹ ohun tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ wò

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ló máa ń pẹ́ jù kó tó rí àṣìṣe ibẹ̀, torí ó ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ ló sì ń kà, kì í ṣe ohun tó tẹ̀ sórí fóònù. Téèyàn bá tẹ "owó rẹ" níbi tó ti fẹ́ sọ "owó rẹ̀", ó lè kà á láìmọye ìgbà kó má rí i, ẹni tó fi ránṣẹ́ sí á sì gbà pé owó òun ni wọ́n ń wí.

Torí ẹ̀, tí ò bá sí ìkánjú, kó gbé e tì kó di ọjọ́ kejì. Tó bá padà dé, àmì ohùn kọ́ ló máa kọ́kọ́ wá o. Kó wo ọ̀rọ̀ yẹn látòkè délẹ̀, kó yọ èyí tí ò wúlò kúrò, torí kí lèèyàn fẹ́ fi àmì ṣe lórí ìpínrọ̀ tó máa padà pa rẹ́?

Ẹ̀yìn ìyẹn ló kan sẹ́ńtẹ́ǹsì, ibi tó sì máa ń lọ́ pọ̀ jù ni "ó" àti "òun". "Bọ́lá sọ fún Ṣadé pé ó ti gba owó náà." Ta ló gbowó? Tó bá jẹ́ Bọ́lá fúnra ẹ̀ ni, "pé òun ti gba owó náà" ló yẹ kó kọ, tó bá jẹ́ ẹlòmíì, kó dárúkọ onítọ̀hún, ó tán.

Èyí tó lágbára jù lójú tèmi ni kíkà sókè, àmọ́ kó ka àmì bó ṣe wà níbẹ̀ gan-an, kó má kà á bó ṣe rò pé ó rí. "Ó ní kó wá" àti "ó ní kò wá" jọra lójú, ṣùgbọ́n etí ò ní gbà wọ́n pọ̀ láé.

Àkọtọ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn míì á kọ "aiye" àti "nwọn" bíi tàwọn ìwé àtijọ́, wọ́n á tún kọ "ayé" àti "wọ́n" nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ àkọtọ́ 1974 ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé báyìí, òun ló yẹ kéèyàn dì mú látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ó wá ku kọ̀ǹpútà. Lábẹ́ Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń dá lẹ́tà mọ̀, "é" jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, àmọ́ "ẹ́" ò ní tiẹ̀, ṣe ni wọ́n ń to àmì òkè lé "ẹ" lórí, ìyẹn ló fi jẹ́ pé téèyàn bá kọ́pì ọ̀rọ̀ láti ibì kan síbòmíì, àmì lè yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Ibi táwọn èèyàn ti máa kà á gan-an ló yẹ kó ti wò ó kẹ́yìn, lórí fóònù pàápàá.