Ẹ Kó Iyẹ̀pẹ̀ Kúrò Nídìí Ọ́kíìdì Yín

Nínú gbogbo ọ́kíìdì, ewéko olódòdó tí wọ́n ń gbìn fún ẹwà, tó ń kú lọ tí wọ́n ń gbé wá bá wa ní Abẹ́òkúta yìí, ó ṣọ̀wọ́n ká rí ọ̀kan tí iyẹ̀pẹ̀ kò sí nídìí rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú, tí wọ́n po ìgbẹ́ adìẹ mọ́, tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin. Ẹ bi olówó rẹ̀ léèrè, á ní òun kì í fi omi dù ú: àárọ̀ kan, alẹ́ kan. Omi àárọ̀ kan alẹ́ kan yẹn náà ló ń pa á.

Orí igi ni irú àwọn ọ́kíìdì yìí ń gbé nínú igbó. Gbòǹgbò wọn á dì mọ́ èèpo igi, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ sí i tọ̀sán-tòru, òjò á rọ̀ sí i, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gbẹ. Ẹ fara balẹ̀ wo gbòǹgbò náà. Okùn tín-ín-rín kan wà láàárín, nǹkan funfun tó rí bíi kànìnkànìn sì wé e yíká. Bí omi bá kan nǹkan funfun yìí, kíá ló máa fà á mu, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà bíi ti ewé. Bó bá gbẹ, á tún funfun. Ẹ wá ri gbòǹgbò yìí mọ́ iyẹ̀pẹ̀: kò ráyè gbẹ, afẹ́fẹ́ kò ríbi wọlé, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Bí ẹ bá fi ìka méjì fà á, awọ rẹ̀ á bọ́ yọ̀ọ̀ sí yín lọ́wọ́, okùn àárín nìkan ni yóò ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn èyí ni ewé á wá máa hun jọ bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ, torí kò sí gbòǹgbò tí yóò gbé omi lọ fún un mọ́. Olówó rẹ̀ á rí ewé tó hun jọ, á tún bu omi kún un.

Irú èyí tí a máa ń ní kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rà ni Brassavola nodosa. Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e títí dé Venezuela ni ó ti wá, ooru ìlú wa kò sì tó nǹkan lójú rẹ̀. Ewé rẹ̀ ki, ó gùn tẹẹrẹ, inú rẹ̀ ló ń tọ́jú omi sí. Òdòdó rẹ̀ funfun díẹ̀, ó sì tún fara jọ àwọ̀ ewé díẹ̀, ètè rẹ̀, ìyẹn abala òdòdó tó yọ síwájú, gbòòrò, ó ṣe ṣóńṣó lẹ́nu. Bí ẹ bá fi imú sí i lọ́sàn-án, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Àwọn kan ti tìtorí èyí sọ pé wọ́n ta òfégè fún àwọn. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú ná. Ẹni tó bá jókòó sí fàráńdà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn tó dà bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́, títí dòru.

Òórùn alẹ́ yìí kan náà ló ń mú kí wọ́n máa sọ ìsọkúsọ. Wọ́n ní ó ń pe ejò. Wọ́n ní àǹjọ̀nú ló ń ta sánsán bẹ́ẹ̀. Àfòpiná ló ń pè o! Àwọn àfòpiná ńlá tó ń fa oje òdòdó lóru kò nílò àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ aró, funfun ni wọ́n ń tètè rí nínú òkùnkùn, òórùn ló sì ń júwe ọ̀nà fún wọn. Ọ́kíìdì kan wà ní Madagascar, Angraecum sesquipedale, tí ihò oje rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà. Lọ́dún 1862, Charles Darwin, onímọ̀ nípa ohun alààyè ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé àfòpiná kan gbọ́dọ̀ wà ní erékùṣù yẹn tí ahọ́n rẹ̀ gùn débẹ̀. Darwin ti kú tipẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó ṣàpèjúwe àfòpiná náà lọ́dún 1903. Ejò kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà níbikíbi.

Ọ́kíìdì kì í sì í ṣe àfòmọ́. Àfòmọ́ máa ń ki gbòǹgbò bọ inú igi tó gbé e, á máa mu oje rẹ̀, ó sì lè gbẹ ẹ̀ka. Ọ́kíìdì kàn bà lé igi ni, bí ẹyẹ ṣe ń bà. Omi òjò àti ìdọ̀tí tó bá kó sí èèpo igi ló ń jẹ. Àgbẹ̀ tó ń ha á dànù lórí obì rẹ̀ ń ṣe wàhálà lásán. Ẹni tó sì ń já a wá láti inú igbó, tó ń tà á lọ́jà ní “àfòmọ́ orí obì” fún àwúre, purọ́ lẹ́ẹ̀mejì: kì í ṣe àfòmọ́, kò sì ní í mówó wọlé fún ẹnikẹ́ni àyàfi òun tó tà á.

Ó yá, ohun tí ẹ ó gbìn ín sí. Ìkòkò amọ̀ kékeré tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó íǹṣì mẹ́rin sí márùn-ún, kí ihò wà nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkòkò ńlá kì í tètè gbẹ, ẹ má torí pé ó dára lójú rà á. Ẹ fọ́ èédú igi sí wẹ́wẹ́ bí orí àtàǹpàkò, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, kí eérú lè kúrò. Ẹ má ṣa èyí tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ onísúyà. Òróró àti iyọ̀ ti wọ̀ ọ́. Ẹ gé èèpo àgbọn náà bákan náà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ máa da omi pupa tó bá yọ nù lójoojúmọ́, torí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Èédú ọwọ́ mẹ́ta, èèpo àgbọn ọwọ́ kan. Ó parí.

Ẹ fi ìdí rẹ̀ lé orí èédú náà, ẹ má rì í. Kí apá tó ti gbó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, kí ọ̀mùnú tuntun kọjú sí àárín, torí iwájú ló ń rìn lọ. Ẹ so ó mọ́ igi kékeré tí ẹ kì bọ inú ìkòkò náà kí ó má baà máa mì, nítorí bó bá ń mì, orí gbòǹgbò tuntun á máa ṣẹ́, kò sì ní dúró láé. Ìgbà tí gbòǹgbò tuntun bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni kí ẹ pààrọ̀ ìkòkò fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kó rí bó ṣe ń wà nínú igbó lè dì í mọ́ igi líle tí èèpo rẹ̀ kì í ṣí. Okùn ìpẹja ni kí ẹ fi dì í. Ẹ má lo wáyà bàbà rárá, májèlé ni fún gbòǹgbò.

Bí ẹ bá máa bomi rin ín, ẹ bù ú gan-an kó máa ṣàn jáde nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Ẹ gbé ìkòkò náà nígbà tó tutù, ẹ tún gbé e nígbà tó gbẹ, ọwọ́ yín á mọ ìyàtọ̀. Bó bá rú yín lójú, ẹ ki igi tín-ín-rín bí igi súyà bọ inú èédú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bó bá jáde pẹ̀lú omi lára, ẹ rọra. Nígbà ọyẹ́, ti inú ìkòkò lè gba omi ní ọjọ́ méjì-méjì, ti orí igi á gbà á láràárọ̀. Nígbà òjò, bí òjò bá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀. Omi òjò ló dára jù. Omi kànga ẹ̀rọ tó ń fi ẹfun sílẹ̀ nínú kẹ́tùlù á fi í sílẹ̀ lára gbòǹgbò náà.

Oòrùn àárọ̀ ló nílò, títí di bí aago mọ́kànlá. Bí ewé bá dúdú kirikiri, tó rẹwà, ibòji ti pọ̀ jù, kò ní í tanná. Bó bá ń pọ́n díẹ̀ lára, ibi tó yẹ ló wà. Àbàwọ́n funfun tàbí dúdú tó gbẹ ni oòrùn jó. Ẹ má gbé e ka ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kọnkéré tàbí ẹ̀gbẹ́ àpáta. Ìlú Olúmọ la wà, àpáta kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni, ooru tó mu lọ́sàn-án ló sì máa ń tú jáde lálẹ́. Ẹ so ó rọ̀.

Ajílẹ̀: NPK 20-20-20 tó ń yọ́ sómi, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì sínú omi lítà mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nígbà tó bá ń hù, kí ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù jẹ́ omi lásán. Ẹ máa tan tọ́ọ̀ṣì wá ìgbín wẹ́wẹ́ lálẹ́, orí gbòǹgbò ni wọ́n fẹ́ràn. Bí èèrà bá ń lọ ń bọ̀ lára rẹ̀, ẹ wo abẹ́ ewé, kòkòrò tó lẹ̀ mọ́ ọn ni wọ́n ń tọ́jú. Ẹ fi òwú àti sípíríìtì nù ún.

Ó ku àwọn gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta irúgbìn ọ́kíìdì aláwọ̀ aró nínú páálí, “ẹ fọ́n ọn sílẹ̀, á hù.” Irúgbìn ọ́kíìdì kéré bí ekuru, kò sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀. Nínú igbó, àfi bí irú olú kan bá bọ́ ọ kó tó lè hù. Noël Bernard, onímọ̀ ewéko ará Faransé, ló rí àṣírí yìí lọ́dún 1899. Lọ́dún 1922, Lewis Knudson ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó lè hù nínú ìgò láìsí olú náà, lórí oúnjẹ oníṣúgà tí kò sí kòkòrò kankan nínú rẹ̀. Inú ilé ìwádìí nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó sì láwọ̀ aró tí ẹ rí nínú fọ́tò, aró ni wọ́n sábà máa ń fún sínú òdòdó funfun. Bó bá tún tanná, funfun ló máa jẹ́. Ẹni tó bá ti sanwó irúgbìn náà lè gbìn ín síbi tó wù ú, sínú iyẹ̀pẹ̀ pàápàá. Koríko ló sábà máa ń hù.