Kíndìnrín Ló Ń Gun Òkè: Ètò Ìrìn Ọjọ́ Méje ní Àfonífojì Markha fún Ará Èkó

Nígbà tí ará Èkó bá ń ṣètò àtirin àfonífojì Markha fúnra rẹ̀, láìsan owó fún ilé-iṣẹ́ kankan, ìbéèrè bàtà ló máa ń ṣíwájú, ti owó á tẹ̀lé e. Kò burú, ṣùgbọ́n bàtà kọ́ ló ń dá èèyàn padà lágbedeméjì. Kàlẹ́ńdà ni: alẹ́ mélòó ni wọ́n máa sùn, ní gíga wo? Àìsàn òkè sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi mítà 2,500 sókè, bẹ́ẹ̀ Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, mítà 2,419 ni. Èèyàn lè gun Olúmọ, kó gun Ìdànrè, kó lọ sí Obudu, kó má sì tíì mọ bí ara òun ṣe máa ń ṣe níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́. Ti ará Ìsàlẹ̀ Èkó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí díẹ̀ báyìí ni ilẹ̀ ibẹ̀ fi ga ju ọ̀sà lọ.

Ladakh, ní àríwá Íńdíà, ni Markha wà, ní gúúsù ìlú Leh, nínú ọgbà ìpamọ́ ẹranko Hemis. Àwọn abúlé tò sí ẹ̀bá odò rẹ̀, àwọn onílé ibẹ̀ sì ń gba arìnrìn-àjò: ibùsùn, oúnjẹ alẹ́, ti àárọ̀, àti èyí tí wọ́n á dì fún un láti jẹ lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè rìn ín láìru àgọ́. Àsìkò rẹ̀ ni òpin oṣù kẹfà sí àárín oṣù kẹsàn-án.

Ti ìwé àti ẹrù, ká sáré kọjá níbẹ̀. Íńdíà ń béèrè yẹ́lò káàdì lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, ọjọ́ mẹ́wàá sì gbọ́dọ̀ ti pé lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì náà tó ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní in, wọ́n lè sé e mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Owó tí èèyàn máa ná nínú àfonífojì, kó ti ṣẹ́ ẹ sí rúpíì ní Leh, torí kò sí báńkì níwájú. Jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kún wà nínú òkìríkà ní Yábàá. Ẹ fún un pọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀: èyí tó bá wú padà ló dáa, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ti dì ní kókó-kókó bí owú tó rẹ sómi, kò ní mú ooru dúró mọ́. Ṣùgbọ́n bàtà òkìríkà, ẹ má rà á. Rọ́bà àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń gbó nínú ilé láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́, ó sì lè fọ́ wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì ní ọjọ́ kejì ìrìn. Fún ìdánrawò, bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ tó bá wà nítòsí ti tó: báàgì kílò mẹ́wàá lẹ́yìn, gòkè, sọ̀kalẹ̀, fún wákàtí kan. Sísọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ má fojú kéré, torí òun ló máa ń ba orúnkún jẹ́.

Èyí tó ń bí ni nínú ni ọ̀rọ̀ àwọn tó máa ń sọ pé, "Ara mi le, gbogbo Sátidé ni mo ń sáré lórí bíríìjì Lẹ́kí sí Ìkòyí, òkè ò lè ṣe mí ní nǹkan." Ara líle kì í gba èèyàn lọ́wọ́ àìsàn òkè. Bó bá ṣe é lóore, ibi ló tún fi ń ṣe é: ẹsẹ̀ tó yá á gbé e dé ibi gíga ṣáájú àsìkò, á sì kó o sínú wàhálà tí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn ò ní rí.

Ọ́síjìn ò dín kù nínú afẹ́fẹ́ òkè ní ìpín. Ìdá mọ́kànlélógún nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ ní Balógun, òun náà ló jẹ́ ní Leh. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló fẹ́lẹ́. Ní Leh, tó ga tó bíi mítà 3,500, ọ́síjìn tí èèyàn ń fà símú ní èémí kan ò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti Èkó lọ; ní Kongmaru La, níbi tí wọ́n ti máa sọdá òkè, ó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ. Ara mọ̀ kíá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí léraléra. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Mímí léraléra ń gbá kábọ́nì dáyọ́ksáìdì dànù, afẹ́fẹ́ yẹn sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kan níwọ̀n tó yẹ. Bó bá ti dín kù, ọpọlọ á fura, á ní kí èémí rọra.

Ẹ wò ó bíi dánfó tó ń ti Ọ̀jọ́ta lọ sí CMS. Àìtó ọ́síjìn ni dírẹ́bà, ó fẹ́ tẹ iná ni. Ẹ̀ka ọpọlọ tó ń ṣọ́ kíkan ẹ̀jẹ̀ ni kọ́ńdọ̀: bí nǹkan ò bá ti dọ́gba lójú rẹ̀, á gbá ara ọkọ̀ gbàgbà, "Ó wà o!", dírẹ́bà á tẹ búréèkì. Kò ní pẹ́ tí ọ́síjìn á tún fi wọ́n, dírẹ́bà á tún fi iná sí i. Òru ni wọ́n ti ń jà jù. Ẹni tó sùn á mí kíákíá lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, á dákẹ́ lọ gbáà fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, á wá ta jí bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Ẹni tó wà lórí ibùsùn kejì á ti máa rò pé ó ti lọ. Kíndìnrín ni èrò tó jókòó sẹ́yìn pátápátá, tí kò bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ju bicarbonate, tó ń pa kíkan nínú ẹ̀jẹ̀, síta láti ojú fèrèsé, díẹ̀díẹ̀, sínú ìtọ̀, títí kọ́ńdọ̀ á fi rí i pé ọkọ̀ ti dọ́gba, tí á ká ọwọ́ rẹ̀ wọlé. Ìgbà yẹn ni dírẹ́bà tó lè fi eré tó wù ú sáré.

Iṣẹ́ kíndìnrín yìí kì í ṣe iṣẹ́ wákàtí méjì. Ọjọ́ ló ń gbà, gbogbo ìgbà tí èèyàn bá sì tún gbéra sí gíga tuntun ni iṣẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní ẹ̀jẹ̀ tuntun ni ara ń ṣe. Ó ń ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìyẹn ń fẹ́; ìrìn Markha á ti parí kó tó dé. Nítorí náà, ẹni tó ń tọ̀ léraléra ní Leh, kó má bínú, ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni. Ọtí àti oògùn oorun, tí wọ́n ń fa èémí sẹ́yìn lóru, kò yẹ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn rárá.

Oògùn tí wọ́n ń pè ní acetazolamide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Diamox, ń ti kíndìnrín lẹ́yìn láti ṣe iṣẹ́ kan náà yìí kíákíá. Mílígíráàmù 125, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láti ọjọ́ tó ṣáájú gígòkè, ni wọ́n sábà máa ń lò fún ìdènà. Ìka á máa ta èèyàn ṣinṣin, mínírà á sì pàdánù adùn rẹ̀ lẹ́nu. Kò fi bẹ́ẹ̀ bo àìsàn mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń bẹ̀rù. Ẹni tí Fansidar tàbí Septrin bá ti bá ara rẹ̀ jà rí, kó sọ ọ́ fún dókítà kó tó gbé e mì, torí ọ̀kan náà ni ìran wọn.

Dókítà yẹn kan náà ni kí ẹ bi nípa genotype. Ní Èkó, nítorí ìgbéyàwó nìkan ni a ṣe ń béèrè rẹ̀; tí kì í bá ti í ṣe pé AS méjì fẹ́ fẹ́ra, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìwé ìtọ́ni òkè tí àwọn Òyìnbó ń kọ kì í sì í sábà dárúkọ rẹ̀, torí kì í ṣe ìṣòro tiwọn. Ẹni tó jẹ́ SS, kò yẹ kó dé ibi gíga báyìí. Ẹni tó jẹ́ AS ń gun òkè dáadáa lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ́síjìn tó wọ́n máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ká kò, kó sì dí òpó tó wọ inú spleen, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Àmì rẹ̀ ni ìrora tó mú gan-an ní òkè ikùn lápá òsì, tó lè ta dé èjìká òsì, pẹ̀lú èébì. Inú rírun kọ́ nìyẹn o. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ wá ilé-ìwòsàn, kí ẹ sì sọ genotype yín fún dókítà ibẹ̀ kó tó béèrè, torí ó lè má ronú kàn án.

Ó kù bí a ṣe ń to alẹ́. Òfin tí àwọn tó mọ̀ ń tẹ̀ lé ni pé, lókè mítà 3,000, kí ibi tí wọ́n máa sùn má fi ju mítà 500 ga ju ti àná lọ, kí wọ́n sì fi ọjọ́ kan sinmi lẹ́yìn mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan. Ibi sísùn ló ṣe pàtàkì o. Ibi tí ẹsẹ̀ dé lọ́sàn-án kò le tó bẹ́ẹ̀. Bàálù láti Delhi rú òfin yìí láàárín wákàtí kan ààbọ̀: ó gbé èèyàn láti nǹkan bíi mítà 200 lọ sí 3,500. Alẹ́ mẹ́ta ní Leh ni ẹ̀san rẹ̀, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ kí wọ́n má gbé ẹrù, kí wọ́n má gun nǹkan kan.

Láti Leh, ọkọ̀ á gbé wọn gba ọ̀nà Chilling dé Skiu, bíi mítà 3,400, wọ́n á sùn síbẹ̀. Ọjọ́ kejì gùn, bíi kìlómítà 20, dé abúlé Markha ní 3,800. Ọjọ́ kẹta, Hankar, 4,000. Ọjọ́ kẹrin, Thachungtse, 4,250. Ọjọ́ karùn-ún, ìsinmi níbẹ̀. Wọ́n lè rìn gòkè díẹ̀ kí wọ́n sì padà wá sùn. Ọjọ́ kẹfà, Nimaling, pápá ìjẹko tó ga tó bíi 4,800 (ó fi díẹ̀ ju mítà 500 inú òfin lọ, ìdí nìyẹn tí ìsinmi fi ṣáájú rẹ̀), níbi tí omi ti lè dì lóru bó tilẹ̀ jẹ́ oṣù kẹjọ. Ọjọ́ keje, wọ́n á gbéra ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kí atẹ́gùn ọ̀sán tó dé, wọ́n á sọdá Kongmaru La ní nǹkan bíi 5,260, wọ́n á sì sọ̀kalẹ̀ gba àárín àpáta dé Shang Sumdo, níbi tí ọkọ̀ wà.

Ẹ wo bí àfonífojì yìí ṣe to ara rẹ̀: díẹ̀ díẹ̀ ló ń gòkè, ibi tó ga jù ló fi sí ìkẹyìn, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ ju mítà 1,500 lọ. Bí ẹni pé ẹni tó mọ iṣẹ́ kíndìnrín ló yà á. Àwọn tó ń ta ìrìn àjò ló ń bà á jẹ́: wọ́n á gé Thachungtse kúrò, kí wọ́n lè pè é ní ọjọ́ márùn-ún, àlejò á sì fi mítà 800 gòkè ní ọjọ́ kan láti Hankar dé Nimaling. Níbẹ̀ ni orí ti ń fọ́ àwọn èèyàn jù.

Orí fífọ́ yẹn ní ìṣòro tirẹ̀ fún ọmọ Èkó, torí ibà ni yóò kọ́kọ́ pè é. Orí ń fọ́, ara ń ro, oúnjẹ ò lọ lẹ́nu: á gbé Coartem mì, á sì máa gòkè lọ. Níbi gíga, òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ẹ dúró síbi tí ẹ wà, tí kò bá lọ, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ibà lè tẹ̀ lé èèyàn láti Èkó lóòótọ́, nítorí náà ẹ di kíìtì àyẹ̀wò ibà méjì mẹ́ta dání, kì í wúwo. Èyí tí kò ṣeé dúró wò ni ti ẹni tí kò lè rìn lórí ìlà tó tọ́, kí ó máa fi gìgísẹ̀ kan kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, àti ti ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí ìjókòó. Ọpọlọ ti wú, tàbí omi ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìsọ̀kalẹ̀ ni oògùn rẹ̀, kódà bó jẹ́ òru, mítà 300 sí 1,000.

Odò ń kún lọ́sàn-án nítorí yìnyín orí òkè tó ń yọ́. Níbi tí kò bá sí afárá, àárọ̀ ni kí wọ́n là á kọjá, kí wọ́n tú bẹ́líìtì báàgì kó má baà fà wọ́n wọlẹ̀ bí wọ́n bá ṣubú. Omi ń hó ní nǹkan bíi dígíìrì 84 ní Nimaling, nítorí náà ẹ má ru ẹ̀wà lọ, kò ní jinná. Gàárì ló gọntíọ níbẹ̀: omi tútù tó mọ́, ṣúgà, ẹ̀pà, ó parí.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí ní ibi púpọ̀ nínú àfonífojì náà, síìmù pírípéédì tí wọ́n bá rà ní Delhi ò sì ń ṣiṣẹ́ ní Ladakh. Ẹ má gbé fóònù sátẹ́láìtì lọ. Láìsí ìyọ̀ǹda ìjọba, ó lòdì sófin ní Íńdíà, wọ́n sì ń mú àlejò nítorí rẹ̀. Nítorí náà, kí onílé tó gbà wọ́n lánàá mọ ibi tí wọ́n ń lọ lónìí. Ẹ ka ìwé ìnṣọ́ránsì dé ìsàlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló dúró ní mítà 3,000 tàbí 4,000. Èyí tó dé 6,000 ni kí ẹ wá. Ojú ọjọ́ sì máa ń dá bàálù Leh dúró, nítorí náà ẹ fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ láàárín Shang Sumdo àti bàálù tó máa gbé yín padà sí Ìkẹjà.