Iná tó mọ́lẹ̀, iná tó gbóná: ohun tí gílóòbù inú ilé ń ṣe sí ojú ẹni tó ní rosacea

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní fún ohun tó ń jó lábẹ́ ìkòkò àti ohun tó ń tàn lókè àjà: iná. À ń dáná, à ń tanná, àwọn ọmọdé á sì hó yèè pé "wọ́n ti mú iná dé!" Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan gílóòbù àtijọ́ tó ti tàn fún ìṣẹ́jú márùn-ún mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu. Àmọ́ fún ẹni tó ní àìsàn awọ ojú tí wọ́n ń pè ní rosacea, ó di dandan kí á ya nǹkan méjì yẹn sọ́tọ̀. Bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó kọ́ ló sábà máa ń dà á láàmú, bó ṣe gbóná tó ni.

Rosacea kì í ràn, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lára. Àárín ojú ló ń mú: ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú, iwájú orí, àgbọ̀n. Ẹ̀yìn tí èèyàn bá ti lé ní ọmọ ọdún 30 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín abẹ́ awọ á fẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wá síbẹ̀, ojú á gbóná janjan, á sì máa ta bí ẹni tí wọ́n fi ata pa lójú. Àwọn kan á tún yọ nǹkan bí irorẹ́. Imú àwọn ọkùnrin mìíràn á wú, awọ ibẹ̀ á sì ki. Ó tún máa ń wọ ẹyinjú: ẹyinjú á gbẹ, á máa rin onítọ̀hún bí ìgbà tí yanrìn bá bọ́ sínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ rò pé àìsàn òyìnbó ni, torí pé ojú òyìnbó ni pípọ́n rẹ̀ ti ń hàn kedere. Àwa aláwọ̀ dúdú náà ń ní in. Lára wa, ibi tó yẹ kó pọ́n lè ṣú dúdú, ó lè gba àwọ̀ àlùkò, ó sì lè má hàn rárá, kó jẹ́ ooru àti títa nìkan ni onítọ̀hún máa mọ̀ lára. Ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n, tí ẹlòmíràn á ti fi oògùn irorẹ́ pa á fún ọdún bíi mélòó kan. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí, torí pé ìyà tó ń jẹ ẹni náà kò kéré, ẹni tó bá sì wò ó lójú lè sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é.

Kí ló wá pa ooru pọ̀ mọ́ ọn? Lórí àwọn iṣan ìmọ̀lára tó wà nínú awọ, ilẹ̀kùn kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní TRPV1. David Julius àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1997, níbi tí wọ́n ti ń wá ohun tí ata fi ń ta èèyàn. Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Ata ń ṣí ilẹ̀kùn yìí. Ooru tó bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 43 lórí òṣùwọ̀n Celsius náà ń ṣí i. Nígbà tí Yorùbá bá ní ata ń jó òun lẹ́nu, òótọ́ pọ́ńbélé ló ń sọ: ilẹ̀kùn kan náà ni iná àti ata ń gbà wọlé. Lára ẹni tó ní rosacea, ilẹ̀kùn wọ̀nyí pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, awọ ojú rẹ̀ sì máa ń tètè mọ ooru tí ẹlòmíràn kò kà sí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo gílóòbù. Èyí tó ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, tó ń tàn bí ẹyin ẹyẹ awó, ń sọ ohun tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iná tó ń jẹ di ooru. Halogen, irú gílóòbù mìíràn tó ní wáyà nínú, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. LED, gílóòbù ìgbàlódé tí kò ní wáyà yẹn, tó ń jẹ nǹkan bíi 9 watt lè mọ́lẹ̀ tó gílóòbù àtijọ́ 60 watt, ìwọ̀nba ooru tó sì ní, ìdí rẹ̀ ló ń gbà jáde, kò jù ú síni lójú.

Ẹ wo aránṣọ tó ń fi òru parí aṣọ ẹbí. Gílóòbù kékeré kan wà lábẹ́ orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, 15 watt péré. Nígbà tó bá tẹ̀ mọ́ ọn láti fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, bóyá ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ló kù kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan gílóòbù náà, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ogójì ìgbà kí ilẹ̀ tó mọ́. Wàhálà iṣẹ́ ni yóò sọ pé ó ń mú ojú òun gbóná. Kí ó fi LED rọ́pò gílóòbù yẹn, tàbí kí ó gbé àtùpà mìíràn síbi tó jìn díẹ̀. Tí iná kékeré bá jìn sí wa ní ìlọ́po méjì ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ohun tó ń ba ojú á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ìdánwò kan wà tí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín síbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín máa ń wà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́, kí ẹ ka ení, èjì títí dé ọgọ́ta. Tí ẹ̀yìn ọwọ́ bá ti ń gbóná, iná yẹn sún mọ́ yín jù.

Ohun kan máa ń tan àwọn èèyàn jẹ lára páálí gílóòbù: 2700K, 6500K, "warm", "cool". Àwọ̀ iná ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn ń sọ. LED 2700K tó ń tàn bí epo pupa kò gbóná sí ojú ju èyí tó funfun báláú lọ.

Lẹ́yìn ooru, ohun kejì tó lè da awọ ojú láàmú ni ìtànṣán ultraviolet, tí ojú kò lè rí. Inú ọ̀pá fluorescent àti gílóòbù tó lọ́ bí ejò, oru mercury ló ń mú ìtànṣán yìí jáde, ìyẹ̀fun funfun tó wà lára gíláàsì á sì sọ ọ́ di ìmọ́lẹ̀. Díẹ̀ máa ń jò. Ní ọdún 2008, àjọ Health Protection Agency ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe wà ní ibi tí kò tó 30 sẹ̀ǹtímítà sí gílóòbù lílọ́ tí kò ní ìbòrí fún ohun tó ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Tí gílóòbù náà bá wà lókè àjà, tàbí tí gíláàsì kejì bò ó, kò sí ìfòyà tó bẹ́ẹ̀. Oòrùn ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ju gbogbo wọn lọ, àní nínú ilé: nínú oríṣi ultraviolet méjì tó ń ti ara oòrùn dé ọ̀dọ̀ wa, gíláàsì fèrèsé ń dá UVB dúró, àmọ́ púpọ̀ nínú UVA ń kọjá. Ẹ gbé tábìlì kúrò lẹ́bàá fèrèsé, tàbí kí ẹ ta kọ́tìnì.

Ti ẹyinjú yàtọ̀. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń dunni. Ọ̀pá fluorescent tó ń lo ballast àtijọ́ (irin wúwo tí wọ́n tún ń pè ní choke) ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹyinjú tó ti gbẹ sì lè má gbà á. Ẹ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ dípò ọ̀kánkán, kí ẹ sì wá ìbòrí fún un.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó kan ilẹ̀ wa gidigidi. Ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n fi ń bóra ní steroid nínú, ìyẹn oògùn líle tí wọ́n fi ń pa wíwú àti yíyún awọ, steroid tí wọ́n ń fi pa ojú fún oṣù púpọ̀ sì lè fa irú rosacea kan. Onítọ̀hún á wá máa sọ pé iná yàrá, ẹ̀fọ́ gbígbóná àti ìdí ààrò ló ń jó òun lójú. Tó bá dáwọ́ ìpara náà dúró lójijì, ojú á tún ru sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rù á bà á, á tún padà sídìí rẹ̀. Kí ó gbé ike ìpara náà dání lọ bá dókítà awọ ara, kí dókítà fi ojú ara rẹ̀ ka ohun tó wà nínú rẹ̀.