Bí awò atọ́nà ṣe ń bá tẹlisíkóòpù wo ojú kan náà

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé tẹlisíkóòpù jáde lálẹ́ láti fi wo Júpítà máa ń rò pé iṣẹ́ náà ò ju kí òun kọ ẹnu rẹ̀ sí i, kí òun sì yọjú wò. Òkùnkùn lásán ló sábà máa ń rí. Júpítà ń tàn yòò lókè, ẹnu awò kọjú sí i, síbẹ̀ kò sí nínú awò. Awò náà kò bàjẹ́. Ibi tó lè rí lẹ́ẹ̀kan náà ló kéré jọjọ.

Ẹ jẹ́ ká mú tẹlisíkóòpù onídígí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 200, tí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ (ìyẹn bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kó jọ ṣe jìnnà sí dígí) gùn ní mìlímítà 1200, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń rà. Bí a bá ki gíláàsì ojú, ìyẹn gíláàsì kékeré tí à ń yọjú wò, tó jẹ́ oní-mìlímítà 25 bọ̀ ọ́, yóò sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 48, ṣùgbọ́n ibi tí yóò fi hàn lójú ọ̀run kò ju nǹkan bí dígírì kan lọ, ìyẹn òṣùpá méjì tó fara ti ara wọn. Bí a bá fi ti mìlímítà 10 rọ́pò rẹ̀, odindi òṣùpá kan kò ní gbà níbẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń de awò kékeré kan mọ́ ọn lẹ́yìn. Awò atọ́nà la ó máa pè é, tẹlisíkóòpù fúnra rẹ̀ sì ni awò ńlá. Bí wọ́n bá kọ 8×50 sí i lára, ó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 8, gíláàsì iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ ní mìlímítà 50. Ó lè rí dígírì 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, tó òṣùpá mẹ́wàá bí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àmì àgbélébùú tín-ín-rín wà láàárín rẹ̀. Bí ohun tí à ń wá bá bọ́ sí oríta ìlà méjèèjì, ó yẹ kó ti wà nínú awò ńlá.

Àmọ́ àwọn àgbà ní Àgùàlà ń bá òṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni; Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni awò atọ́nà rí. Pé wọ́n dè é mọ́ awò ńlá kò ní kó máa wo ibi tí awò ńlá ń wò. Ó ní ojú tirẹ̀, ìgbà tí a bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ẹ̀rọ náà pọ̀, ibòmíràn ló máa ń kọjú sí.

Ohun tí à ń ṣe bí a bá ń tò ó ni pé kí ìlà ojú méjèèjì máa lọ ní ọgbọọgba bí irin rélùwéè méjì. Bí sẹ̀ǹtímítà 20 ló wà láàárín wọn, wọn kò sì ní pàdé. Kò pọn dandan kí wọ́n pàdé: ìràwọ̀ jìnnà débi pé sẹ̀ǹtímítà 20 kò já mọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á kọjú awò sí ògiri ilé kejì tó wà ní mítà 20 péré, wọ́n á tò ó títí awò méjèèjì yóò fi máa wo bíríkì kan náà, wọ́n á ní ó ti parí. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú ìlà méjì tó yẹ kó lọ ní ọgbọọgba, wọ́n sì fi ipá mú wọn pàdé lórí ògiri. Tó bá di alẹ́, awò ńlá yóò máa wo ibi tó fi ju fífẹ̀ òṣùpá kan lọ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ tó wà lórí àgbélébùú. Bí ohun tí a fi ń tò ó bá jìnnà tó mítà 500, àṣìṣe kan náà kò ní tó ìdá kan nínú ogún fífẹ̀ òṣùpá. Nítorí náà, orí másìtì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà ní adúgbò kejì ló dára, tàbí táńkì omi tó ga lókèèrè. Bó bá ṣe jìnnà tó ló ṣe dára tó.

Kó tó di pé a fọwọ́ kan skúrù kankan, nǹkan méjì gbọ́dọ̀ ti wà ní ipò. Àkọ́kọ́ ni dígí inú awò ńlá: ẹni tó bá ń tún dígí tò ń yí ibi tí awò ńlá ń wò padà, nítorí náà iṣẹ́ dígí ló ń ṣíwájú. Èkejì ni kí awò atọ́nà fúnra rẹ̀ máa ríran kedere. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, òrùka kan wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú. A ó tú u díẹ̀, a ó yí ilé gíláàsì náà síwá sẹ́yìn títí ohun tó jìnnà yóò fi mọ́ kedere, a ó sì fún òrùka náà padà.

Ọ̀sán ni iṣẹ́ náà ti rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, nítorí ojú ń rí skúrù, ohun tí à ń wò kò sì rìn. Gíláàsì ojú tí nọ́ńbà rẹ̀ pọ̀ jù la ó kọ́kọ́ lò, torí òun ló ń fi ibi tó fẹ̀ jù hàn. A ó fi awò ńlá wá orí másìtì náà kàn, a ó gbé e sí àárín gbùngbùn, a ó sì fi awò sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí èèyàn yọjú wo awò atọ́nà, kó rí i pé másìtì ò sí lórí àgbélébùú, kó wá ti gbogbo ẹ̀rọ títí yóò fi bọ́ síbẹ̀. Ohun tó ti rí sọnù nìyẹn. Awò ńlá ló ń jókòó, kékeré ló ń rìn, skúrù sì ni ẹsẹ̀ tó fi ń rìn.

Oríṣi ìdè méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ní skúrù mẹ́ta tó yí òrùka ká. Níbẹ̀, a ní láti dẹ ọ̀kan kí a tó fún èyí tó kọjú sí i. Ẹni tó bá ń fún láìdẹ ibì kankan yóò tẹ ara awò wọnú, tàbí kó ba ojú skúrù jẹ́, pàápàá bí ìdè náà bá jẹ́ ike. Èkejì ní skúrù méjì àti sípíríǹgì kan tó ń ti awò padà, òun ló sì rọrùn jù: a kàn ń yí skúrù ni, sípíríǹgì ń bójú tó ìyókù. Ọ̀pọ̀ awò atọ́nà tí a ń fojú wò tààrà máa ń dorí nǹkan kodò. Kò yẹ kí a máa ro èyí tó jẹ́ òkè tàbí ìsàlẹ̀. Kí a yí skúrù díẹ̀, kí a wo ibi tí másìtì gbà lọ, kí a sì máa bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti bọ́ sórí àgbélébùú, a ó padà wo awò ńlá bóyá ọwọ́ wa kò sún un, a ó pààrọ̀ sí gíláàsì ojú tó lágbára jù, a ó sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Oòrùn ni ewu ọ̀sán. Awò atọ́nà kékeré yẹn lè fọ́ ojú ní ìṣẹ́jú àáyá, ẹ̀yìn ẹyinjú kì í sì í mọ ìrora, kò ní kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ìlà oòrùn ni kí a kọ ẹ̀rọ sí. Ẹni tó fi asẹ́ oòrùn, ìbòrí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ oòrùn kù, bo awò ńlá láti wo oòrùn gbọ́dọ̀ yọ awò atọ́nà kúrò tàbí kó dé e pa. Kí ọmọdé má sì dá wà nídìí ẹ̀rọ yìí lọ́sàn-án.

Alẹ́ la fi ń parí rẹ̀. Ìwé ìlànà tó ń bá awò wá láti òkè òkun sábà máa ń ní kí a lo ìràwọ̀ àríwá, Polaris, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má rìn. Ìmọ̀ràn tó dára ni fún ará Lọ́ńdọ̀nù. Ní Ìbàdàn, ìràwọ̀ náà kò ga ju nǹkan bí dígírì 7 lọ sókè ilẹ̀, kò tó ìkúùkù kan tí a nà síwájú. Ilé, igi àti eruku ọyẹ́ ti bò ó. Ohun tó bá wà lókè dáadáa ni ká lò: Júpítà, tàbí Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lọ lójú ọ̀run òru, tó máa ń ga lálẹ́ láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta. Òṣùpá rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n ó tóbi jù fún orí àgbélébùú. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó kó mú àpá kan lára rẹ̀, bíi Mare Crisium, àpá dúdú roboto tó wà nítòsí etí rẹ̀.

Àwọn ìràwọ̀ tí à ń lò yìí ń sáré lójú wa, torí ilẹ̀ ayé ń yí. Èyí tó wà ní ìlọ́po 48 láàárín awò yóò jáde láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ní ìlọ́po 120, kò ní tó ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, a ó máa dá a padà sí àárín kí a tó yí skúrù kọ̀ọ̀kan.

Irú awò atọ́nà tó ń fi àmì pupa kan hàn lórí gíláàsì kì í sọ nǹkan di ńlá, bọ́tìnì méjì ló sì ní, ọ̀kan fún òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì. Ọ̀nà kan náà la fi ń tò ó. Kí a dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kó má bo ìràwọ̀, kí a sì pa á lẹ́yìn lílò, torí bátìrì rẹ̀ kékeré.

Tí ohun gbogbo bá ti tò, kí a kọ awò sí ìràwọ̀ mìíràn ní apá kejì ọ̀run, kí a gbé e sórí àgbélébùú, kí a wá wo awò ńlá. Bí ìràwọ̀ náà bá wà láàárín, ó ti parí. Bí ó bá ti yẹ̀, skúrù kọ́ ni kí a tún fọwọ́ kàn. Kí a rọra mi ìjókòó awò atọ́nà náà wò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló dẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ẹnì kan ti fi awò kékeré yẹn gbá ẹ̀rọ mú nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde.