Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Ń Mọ Ìhùwàsí Tí Kò Ṣe Déédéé

Bí àwọn ènìyàn bá rí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú pópó, kíá ni wọn yóò ti sọ pé orí rẹ̀ kò pé. Onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá kì í yára dájọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tó lè fi mọ ìhùwàsí tí kò ṣe déédéé.

Ó lè kọ́kọ́ wò ó bóyá ìhùwàsí náà ṣọ̀wọ́n. Nínú ìdánwò làákàyè tí ìwọ̀n àárín rẹ̀ jẹ́ 100, bí ènìyàn 2 nínú 100 ni máàkì wọn kì í tó 70. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbà ju 130 lọ kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ náà, kò sì sí ẹni tó ń pe òye tó jinlẹ̀ ní àìsàn. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ní tirẹ̀ wọ́pọ̀ káàkiri àgbáyé, síbẹ̀ àìsàn ni.

Ó tún lè wò ó bóyá ìhùwàsí náà lòdì sí ohun tí àwùjọ fọwọ́ sí. Òṣùwọ̀n yìí ló yẹ kí a ṣọ́ra fún jù lọ, nítorí ọwọ́ alágbára ló máa ń tètè bọ́ sí. Ní ọdún 1851, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Samuel Cartwright, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn ọpọlọ ló ń mú kí ẹrú sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀, ó sì sọ àìsàn náà ní drapetomania. Àìsàn wo ló wà nínú kí ènìyàn máa wá òmìnira? Oṣù Kejìlá ọdún 1973 ni ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò pé kí wọ́n yọ ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin kúrò lára àwọn àìsàn inú ìwé tí wọ́n to àwọn àìsàn ọpọlọ sí.

Ohun tó wúwo jù lójú mi ni ìnira àti ìdíwọ́. Gbogbo ènìyàn ló ń fọwọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọwọ́ títí tí awọ rẹ̀ fi bó, tó mọ̀ dájú pé ọwọ́ náà ti mọ́, tí àyà rẹ̀ sì ń já bó bá fẹ́ kúrò nídìí omi, tó fi ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, ti kọjá ẹni tó kàn fẹ́ràn ìmọ́tótó. Síbẹ̀, ìnira kì í fi gbogbo ìgbà hàn. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kọjá ààlà, tí kì í sùn, tó ń ná owó ní ìnákúnàá, lè sọ pé ara òun kò tíì dá ṣáṣá tó báyìí rí, nígbà tí ilé rẹ̀ ń dàrú. Àwọn onímọ̀ tún máa ń wò ó bóyá ìhùwàsí náà lè fa ewu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá.

Ohun tó fa ìhùwàsí náà ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ìwé ẹgbẹ́ àwọn dókítà yìí, tó kọ́kọ́ jáde ní 1952, là á sílẹ̀ nínú ẹ̀dà karùn-ún rẹ̀ ti 2013 pé ìbànújẹ́ tí a lè retí lára ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú kì í ṣe àìsàn, àti pé ìjà láàárín ẹnì kan àti àwùjọ rẹ̀ kì í ṣe àìsàn, àfi bó bá jẹ́ pé ohun kan nínú ẹni náà fúnra rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ní 1992, Jerome Wakefield, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé ohun méjì ló gbọ́dọ̀ pàdé kí a tó lè pe nǹkan ní àìsàn ọpọlọ: kí nǹkan kan nínú ọkàn má ṣe iṣẹ́ tí ìṣẹ̀dá yàn fún un, kí àìṣiṣẹ́ yìí sì jẹ́ ìpalára lójú àwùjọ ẹni náà. Mo fara mọ́ ọn, nítorí kò ní jẹ́ kí a pe ẹrú tó sá ní aláìsàn. Ṣùgbọ́n àwọn alátakò rẹ̀ ń béèrè bí a ṣe fẹ́ mọ iṣẹ́ tí ìṣẹ̀dá yàn fún ìbẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́, àwọn onímọ̀ kò sì tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.