Ta ló gbé òórùn búrẹ́dì dé inú ṣanpéènì?

Àwọn tó ń tọ́ ọtí wò máa ń kọ ọ́ pé àwọ́n gbọ́ òórùn búrẹ́dì yíyan, bọ́tà àti álímọ́ńdì nínú ṣanpéènì, wáìnì tó ń hó. Ṣebí èso àjàrà ni wọ́n fi ṣe é. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?

Òótọ́ ni, ìwúkàrà ló sì ni òórùn náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìwúkàrà ń ṣiṣẹ́ lórí irú wáìnì yìí, ì báà jẹ́ ṣanpéènì ilẹ̀ Faransé, Cava ilẹ̀ Sípéènì, Franciacorta ilẹ̀ Ítálì tàbí Cap Classique ti Gúúsù Áfíríkà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ń sọ omi àjàrà di wáìnì lásán tí kì í hó. Wọ́n á wá rọ wáìnì yẹn sínú ìgò, wọ́n á fi ìwúkàrà tuntun sí i pẹ̀lú ṣúgà tó tó bíi gíráàmù 24 sí lítà kan, wọ́n á sì dé e pinpin. Bí ìwúkàrà bá ṣe ń jẹ ṣúgà ló ń tú afẹ́fẹ́ carbon dioxide sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà ò ríbi gbà jáde, ó há sínú wáìnì títí agbára rẹ̀ fi tó ìlọ́po 5 tàbí 6 ti afẹ́fẹ́ ìta.

Nígbà tí ṣúgà bá tán, ìwúkàrà á kú, á di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò. Ibẹ̀ gan-an ni adùn ti bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni òkú ìwúkàrà ń fọ́, tí ohun inú rẹ̀ ń yọ́ sínú wáìnì fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló ń mú òórùn búrẹ́dì wá, òun náà ló ń jẹ́ kí wáìnì kúnná lẹ́nu. Òfin ò jẹ́ kí wọ́n kánjú: oṣù 9 ni Cava tó kéré jù gbọ́dọ̀ lò, oṣù 18 ni Franciacorta. Ṣanpéènì tí kò ní ọdún ìkórè lára gbọ́dọ̀ lo oṣù 15 nínú ìgò, kí 12 nínú rẹ̀ jẹ́ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Èyí tó bá ní ọdún ìkórè lára, ọdún 3 ni. Inú táǹkì ńlá ni wọ́n ti ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ jù lọ Prosecco (wáìnì Ítálì mìíràn tó ń hó) hó, kì í sì í pẹ́ lọ́dọ̀ ìwúkàrà. Ìdí nìyẹn tí ẹ kì í fi í sábà rí búrẹ́dì nínú ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Èso tútù àti òdòdó lẹ ó máa rí.

Báwo ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ṣe ń kúrò?

Wọ́n á máa yí ìgò, wọ́n á máa dojú rẹ̀ kodò díẹ̀díẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi rọ́ sí ọrùn ìgò. Wọ́n á mú ọrùn yẹn dì bíi yìnyín. Bí wọ́n bá ti ṣí ìdérí, afẹ́fẹ́ inú á ta yìnyín náà jáde pẹ̀lú ìdọ̀tí tó gbé, wáìnì tó kù á mọ́ gaara. Wáìnì tí wọ́n po ṣúgà mọ́ ni wọ́n sábà fi ń dí àyè tó ṣófo.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé Brut, irú ṣanpéènì tí ṣúgà rẹ̀ kò pọ̀, kò dùn, nígbà tí ṣúgà wà nínú rẹ̀?

Ṣúgà inú Brut lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 12 sí lítà kan, ṣùgbọ́n kíkan wáìnì bò ó mọ́lẹ̀. Òtútù ń mú ní Champagne, agbègbè Faransé tí ṣanpéènì ti ń wá, èso ibẹ̀ kan dáadáa. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ náà tún ń kan lórí ahọ́n. Ẹ jẹ́ kí ìhó rẹ̀ lọ tán, kẹ́ ẹ tún un tọ́ wò: ó máa dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń tọ́ ọtí wò tún máa ń sọ pé àwọ́n gbọ́ adùn ẹfun nínú ṣanpéènì. Ìyẹn ńkọ́?

Èyí ni mi ò gbà bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ilẹ̀ ẹfun pọ̀ ní Champagne, ó sì ń tọ́jú omi fún gbòǹgbò, àmọ́ òkúta kì í gba inú gbòǹgbò wọ èso. Kíkan tó mú ṣáṣá, tó ń fa ẹnu gbẹ, ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn júwe.

Kí ló fà á tí ẹnu àwọn tó ń tọ́ ọtí wò kì í fi í kò lórí wáìnì kan ṣoṣo?

Ojú ń tan imú jẹ. Ní 2001, àwọn onímọ̀ kan ní Bordeaux, nílẹ̀ Faransé, po àwọ̀ pupa tí kò ní òórùn mọ́ wáìnì funfun, wọ́n gbé e fún akẹ́kọ̀ọ́ 54. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń júwe wáìnì pupa ni àwọn yẹn fi júwe rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé wáìnì méjì ni wọ́n tọ́ wò lóòótọ́: èyí tí wọ́n yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lóṣù tó kọjá ṣì máa mú lẹ́nu, èyí tí wọ́n yọ tirẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn á ti rọ̀, òórùn èso yíyan á ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe wáìnì ń tẹ ọjọ́ tí wọ́n yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sẹ́yìn ìgò. Alámọ̀ja tó bá kọ ọjọ́ yìí àti iye ṣúgà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ wúlò fún mi ju ti ẹni tó kàn fún wáìnì ní máàkì nínú ọgọ́rùn-ún lọ.